Ọjà Àpòmù àti Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀, àṣà ni kí a ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti di ènìyàn pàtàkì láwùjọ, kí a sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó mú wa dé òní. Àṣà rere ni. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún tún jẹ́ àkókò tí ó yẹ kí a ronú nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ rò pẹ̀lú ẹ̀yin òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, pàápàá jù lọ kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń pè ní fóònù. Ó wà lọ́wọ́ ọmọ lọ́sàn-án àti lóru, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó rà á fún ọmọ kò mọ̀ pé òfin wà tí ó dè é.

Èrò méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Àpòmù àti Ìkirè. Àwọn kan ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, pé géèmù ni kò jẹ́ kí wọ́n kàwé, pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ ọmọ ènìyàn di ọmọ Yahoo. Àwọn mìíràn ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó. Láti 2015 ni JAMB ti fi ìdánwò orí pépà sílẹ̀ pátápátá, tí ó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tí ó ń wá yunifásítì ti ń dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan ṣáá, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kàn fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́ láìsí ìtọ́ni dà bí ẹni tí a rán lọ sí ọjà tí a kò sì sọ èèwọ̀ ọjà fún un.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa ti gbìyànjú láti wá ọ̀nà kẹta. Ní 2013, nígbà ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọn kò sì ṣe é fún rírìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún kan náà, ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà pín iPad fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo sí i kí àwọn ọmọ má baà wọ Facebook àti YouTube. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ọ̀nà gbà yẹra fún àgádágodo náà. Ìlú ńlá ni, owó ńlá ni wọ́n ná, síbẹ̀ ọmọdé já a. Ohun tí ọ̀ràn yìí fi hàn wá ni pé àgádágodo kò lè rọ́pò ẹ̀kọ́. Ohun tí yóò bá ọmọ lọ sí ibi tí ojú wa kò tó ni ohun tí a ti fi sí i nínú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti géèmù kíákíá, nítorí òun ni a máa ń pariwo rẹ̀ jù. Eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa ta ayò títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì gbọ́ pé ayò ba ìlú jẹ́. Bí ọmọ bá parí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan, kò sí ìjà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà tilẹ̀ ṣe é lófin ní 2021 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má ṣe ju wákàtí 3 lọ nídìí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. A kò sọ pé kí ìjọba tiwa ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí ni ó yẹ kí ó ka wákàtí fún ọmọ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù wà ni ibi tí eré ti ń di tẹ́tẹ́. Ní 2018, àjọ tí ó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m kéde pé àpótí oríire tí wọ́n ń tà nínú àwọn géèmù kan, tí ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi sanwó, tẹ́tẹ́ ni lójú òfin. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ lórí lọ́tìrì wà, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, bí a bá rí ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìsọ̀ tẹ́tẹ́, Òṣogbo ni kí a kọjú sí, kì í ṣe Àbújá.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó ju géèmù lọ, òun gan-an ni a tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Kí a tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn ìlú wa.

Ní ayé àtijọ́, ọjà Àpòmù lókìkí. Níbẹ̀ ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, àlùfáà tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà yìí. Awólẹ̀, ọmọ ọba Ọ̀yọ́, wá ṣòwò ní Àpòmù kí ó tó gorí oyè, ó sì ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú. Baálẹ̀ Àpòmù gbọ́. Kò wo ojú ọmọ ọba. Ó gba ẹni tí wọ́n tà náà padà, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ ní ẹgba. Nígbà tí Awólẹ̀ di Aláàfin ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó rántí ẹgba náà, ó sì ní kí wọ́n kó ogun lọ bá Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, nígbẹ̀yìn ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parun. Lẹ́yìn èyí, jíjí ènìyàn gbé àti títà á kò dáwọ́ dúró lọ́jà náà, aáwọ̀ lórí ataare láàárín Òwu àti Ìjẹ̀bú ní ọjà Àpòmù kan náà ni ó sì dá ogun tí ó tú Òwu ká sílẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí ní í ṣe pẹ̀lú fóònù? Ọjà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni gbogbo ni ó ń pàdé níbẹ̀, ẹni rere àti gbájúẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kan sì ń ta ọ̀rẹ́ wọn níbẹ̀ láìmọ̀ pé títà ni. Ọmọ tí ó ya àwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwẹ̀, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, ti ta ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó gba nọ́ńbà NIN ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó fi í forúkọ síìmù sílẹ̀ fún àjèjì nítorí ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ti ta ẹbí. Ẹni tí ó mọ pásíwọọ̀dù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó wọlé lọ kọ ọ̀rọ̀ ìtìjú ní orúkọ rẹ̀, òun náà tà á. Àwọn arákùnrin Jósẹ́fù gba ogún owó fàdákà lórí àbúrò wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tòde òní kò gba ju ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ lọ. Àwọn àgbà sì ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwòrán tí a jù sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní í mọ ibi tí yóò dúró, kò sì sí baálẹ̀ tí ó lè wá a padà tán mọ́.

Òfin kò ka èyí sí eré ọmọdé. Òfin tí a ń pè ní Cybercrimes Act ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sọ pé ẹni tí ó bá tan àwòrán ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kálẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 10, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí ó lè tó mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì. Kí ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò yọ àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi í ránṣẹ́. Fífi orúkọ tàbí pásíwọọ̀dù ẹlòmíràn lu jìbìtì jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni a ti jókòó sọ èyí fún? Àìmọ̀ kò sì jẹ́ àwáwí níwájú adájọ́.

Apá kejì ìtàn Awólẹ̀ tún wà, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ẹni tí wọ́n nà padà wá pẹ̀lú agbára ọba, ó sì fi agbára náà gbẹ̀san. Bákan náà ni òfin tòde òní ṣe lè di kùmọ̀ lọ́wọ́ alágbára. Ọdún méje lẹ́yìn tí Cybercrimes Act jáde, ní oṣù kẹta 2022, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS sọ pé apá 24 òfin náà tako ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ èrò rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó tún sọ pé Twitter tí ìjọba tì pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kíní 2022, títì náà kò bófin mu. Nítòsí wa ní Ilé-Ifẹ̀, òru ni àjọ EFCC wọlé kó ọ̀dọ́ 69 ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2023, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí, alága àjọ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlá Olúkòyédé, sì fòfin de irú ìkọlù òru bẹ́ẹ̀. A kò gbè lẹ́yìn gbájúẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí ó mọ òfin yóò mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, yóò sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe sí i.

Àwa àgbà náà kò gbọdọ̀ rò pé ọmọdé nìkan ni òfin ń wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubú fọwọ́ sí òfin tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, Nigeria Data Protection Act. Òfin yìí béèrè pé kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo ìsọfúnni ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá lẹ èsì ìdánwò ọmọ tí ó fìdí rẹmi mọ́ Facebook, ìjọ tí ó bá gbé àwòrán ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè, àwọn náà ń ná ohun tí kì í ṣe tiwọn. A kò lè máa na ọmọ ní ẹgba lórí ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe lójú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Àbá wa kò ní í ná ilé-ẹ̀kọ́ yìí lówó púpọ̀. Èkíní, kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà ya ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ ní sáà kìíní fún àwọn ọmọ JSS1, kí ó fi kọ́ wọn ní òfin wọ̀nyí ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí ó yé ọmọdé. Bí amòfin bá wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa, kí a pè é wá fún ọjọ́ kan. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ fún òbí ní ìwé àṣẹ láti fọwọ́ sí kí a tó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ jáde níbikíbi. Ẹ̀kẹta, kí òfin tí kò gba fóònù láyè nínú kíláàsì máa wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kí yàrá kọ̀ǹpútà ṣí lẹ́yìn iṣẹ́ fún wákàtí kan, níbi tí ọmọ ti lè kàwé tàbí kí ó ṣe géèmù lójú olùkọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ tí ẹnìkan bá ti fi àwòrán rẹ̀ ṣe ẹ̀sín mọ ẹni tí ó lè sá tọ̀ láìsí pé wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí. Ọmọ tí wọ́n tà kọ́ ni ó yẹ kí ó jẹgba.

Baálẹ̀ àtijọ́ yẹn kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì sí ìwé òfin níwájú rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ènìyàn kì í ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjà tí òun ń ṣọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ́ sí ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó kéré sí èyí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lo ẹ̀rọ yín, ẹ fi kàwé, ẹ fi ṣeré, ẹ fi ṣòwò òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ta ara yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ bá wa lálàáfíà.