Kọ̀ǹpútà Kékeré: Rírà Nìkan Kò Tó

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó yẹ kí òwe yìí máa dún létí gbogbo ẹni tí ó ń fi ojú ohun ìṣeré wo kọ̀ǹpútà kékeré, èyí tí kò tóbi ju káàdì tí wọ́n fi ń gba owó nídìí ẹ̀rọ báńkì lọ. Pé olùkọ́ nílò ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ti kọjá ohun tí ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni gbé yẹ̀ wò ni èyí: ṣé kí olùkọ́ kàn ra ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti dì pa, tàbí kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń to èyí tí yóò lò jọ?

Ìlú Enugu ni ó yẹ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ wá ìdáhùn, nítorí ojú ìlú náà ti rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lílo ẹ̀rọ àti mímọ inú ẹ̀rọ. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú níbẹ̀. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Èédú yìí ni oúnjẹ ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń rọ orí ọkọ̀ náà. Ará Enugu ń bọ́ ẹ̀rọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe rọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fi èédú sílẹ̀ tí ó di ẹni tí ń mu dísù, iyì èédú wọmi. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ni ó pinnu. Ẹni tí ó kàn ń lò ó kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ọ̀nà ọjà dí mọ́ ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn onímọ̀ Biafra, tí Gordian Ezekwe wà lára aṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo rọ̀bì fúnra wọn, wọ́n sì ń rọ ohun ìjà. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò yin ogun tí ó pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣe é sẹ́: ọwọ́ tí kò rí rà ni ó kọ́ ṣíṣe. Lẹ́yìn ogun, Enugu náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ń jẹ́ PRODA sí. Kò yẹ kí ó jẹ́ ìpọ́njú nìkan ni yóò máa lé ènìyàn dé ìdí ìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ aláìní nìkan ni èyí. Ní 1981, nígbà tí Clive Sinclair gbé kọ̀ǹpútà ZX81 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fẹ́ tò ó jọ fúnra rẹ̀ san £49.95, ẹni tí ó fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò san £69.95. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀gá. Nígbà tí ó yá, tí ẹ̀rọ di ohun tí wọ́n ń dì pa, Eben Upton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ inú rẹ̀ mọ́. Èyí ni ó bí Raspberry Pi, tí ó dé ọjà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, 2012, ní dọ́là 35. Ní 2015 ni èyí tí ó kéré jù ú lọ, Pi Zero, jáde ní dọ́là 5, tí ìwé ìròyìn The MagPi sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn tí wọ́n lówó bá ń kọ́ ọmọ wọn ní títò, kí ni ọmọ Nàìjíríà ń fi rírà nìkan ṣe fáàrí sí?

Àwọn alátakò yóò ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ sàn jù, nítorí ó ní ojú, ó ní kíbọ́ọ̀dù, ó sì ní bátìrì. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé iye tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà kékeré kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀: ó ń fẹ́ mẹ́mọ́rì káàdì, ṣájà, kíbọ́ọ̀dù àti tẹlifíṣọ̀n tí yóò fi ṣe ojú. Bí iná bá sì lọ lójijì, ohun tí ó wà nínú káàdì lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì tí ó bàjẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè tún un kọ fúnra rẹ̀. Iná tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kò ju fóltì 5 lọ, bátìrì tí ń gba agbára oòrùn sì lè gbé e. Títò yìí kò gba jíjó wáyà. Ó gba sùúrù àti òye. Ta ni kò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tì í mọ́ yàrá, nítorí pé kò sí olùkọ́ kan tí ó láyà láti tú u wò?

Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka Yorùbá níbẹ̀, kí ó wo ìwé ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ láìní àmì. Igba, igbá àti ìgbà di ọ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìṣòro yìí kan Ìgbò tí wọ́n ń sọ ní Enugu pẹ̀lú, nítorí àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ètò Linux tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kékeré yìí ní ìlànà kíbọ́ọ̀dù fún Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá, lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án kò ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ akọ̀wé ìdí kọ̀ǹpútà kí ó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Enugu, lábẹ́ Gómìnà Peter Mbah tí ó gorí oyè ní 2023, dáwọ́ lé kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé 260, ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní yíyìn ni. Ṣùgbọ́n ilé kì í kọ́ ọmọ. Olùkọ́ ni í kọ́ ọmọ. Bí olùkọ́ tí yóò wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Enugu tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá, kò bá mọ̀ ju títẹ bọ́tìnì lọ, ìtàn èédú ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún-márùn-ún yóò jùmọ̀ to kọ̀ǹpútà kékeré kan jọ, wọn yóò sì fi kọ iṣẹ́ Yorùbá tí ó ní àmì pípé, kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Kí ẹ̀ka Yorùbá má ṣe dúró de ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ̀yin alákòóso, ọwọ́ yín ni ó kù sí.