Ká Tó Náwó Lọ Wo Òkúta Gíríìsì, Ṣé A Ti Jẹ Púpurú Dé Ìkòyà?

Ìwé ìpolówó kan ń kiri orí WhatsApp lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ fi gbé èrò yí ilẹ̀ Gíríìsì ká nínú bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo: Áténì, Kọ́ríńtì, Délfì, títí dé Olímpíà. Àárọ̀ ni wọn yóò máa wo àwókù ilé òrìṣà àtijọ́, ọ̀sán ni wọn yóò máa jẹun ní abúlé, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a tọ́ òróró ólífì wò. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀, Èkó ló ń gbé. Ó ní ṣé n óò bá àwọn lọ. Mo ka iye owó tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mú àwọn ọmọ yín dé Ìkòyà rí?"

Ó dákẹ́. Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan kó tó dá mi lóhùn pé àwọn ọmọ náà mọ Òkìtìpupa dáadáa. Wọ́n ti sun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ìsìnkú bàbá àgbà àti nígbà ìsìnkú ìyá àgbà.

Èsì yẹn ló mú mi kọ nǹkan tí mò ń kọ yìí. Èmi kò lòdì sí ìrìnàjò Gíríìsì o. Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, èmi náà fẹ́ fojú ara mi rí Páténọ́nì lórí òkè Akropólì, níbi tó ti wà láti ọ̀rúndún karùn-ún kí wọ́n tó bí Jésù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìrìnàjò sílé ti di ti òkú nìkan láàárín wa. Ọjọ́ Ẹtì la ó wọlé, a ó ṣe àìsùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó sìnkú. Bí a bá ti dúpẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ojú ọ̀nà Èkó ló kù. Oúnjẹ tí a ó jẹ níbẹ̀ pàápàá, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín tí alásè gbé wá láti Èkó ni. Ọmọ tó bá mọ ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ ju àgọ́ ìnáwó àti pósí lọ.

Àwọn Gíríìkì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ arìnrìn-àjò. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pausanias rin ilẹ̀ náà láti ìlú dé ìlú, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé mẹ́wàá. Kì í ṣe pé ó kàn wo òkúta lásán. Bó bá dé ìlú kan, yóò wádìí lọ́wọ́ àwọn onílé pé ta ló tẹ ibẹ̀ dó, òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ, kí ló dé tí wọ́n ń ṣe ọdún wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Bí ìtàn ìlú méjì bá takora, yóò kọ méjèèjì sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ yẹn wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀ fi mọ ibi tí wọn yóò ti walẹ̀ lóde òní.

Ìkálẹ̀ kò ní òkúta mábù. Amọ̀ àti igi ni àwọn baba wa fi kọ́lé, òjò ìhà ibẹ̀ kì í sì í ṣe òjò àwàdà. Ẹni tó bá ń wá Páténọ́nì ní Òkìtìpupa yóò kàn rí ojú ọjà àti páànù tó ti dípẹtà ni. Ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi pa tiwa mọ́ sí: nínú orúkọ, nínú oyè, nínú ìkòkò ọbẹ̀. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òkìtì pupa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kò gbàgbé pé Ìdèpé ni ibẹ̀ ń jẹ́ kó tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́gun ti Ìdèpé ni ọba wọn ṣì ń jẹ́ di òní. Abòdì wà ní Ìkòyà, Rẹ́bujà wà fún Òṣoòrò, Hàlú wà ní Òde-Ayé, Ọlọ́fun wà ní Òde-Ìrèlè. Ìtàn àwọn kan darí sí Ilé-Ifẹ̀, ti àwọn mìíràn sì gba Bìní kọjá. Ẹni tó bá rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn àwọn ìjòyè lọ́jọ́ ọdún kò ní ṣàì rántí ààfin Bìní. Ẹ̀ka èdè wọn náà ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi "i" bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí kò sí nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan. Ó dìgbà téèyàn bá jókòó ti ẹlòmíràn kó tó gbọ́ ọ, ibi tí àwọn ènìyàn sì ti máa ń jókòó pẹ́ ju ni ìdí oúnjẹ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa mọ́kànlá dáwó jọ, a gba bọ́ọ̀sì kan láti Èkó. A kò ní ìnáwó kankan tí a ń lọ ṣe. A dúró ní Ọrẹ̀, nítorí a kò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àárín wa kọjá níbẹ̀ láìgbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró lọ́dún 1967, nígbà tí wọ́n ti gba Bìní tí wọ́n sì ń bọ̀ níhà Èkó. Gbogbo wọn ló mọ "Ó le kú, ìjà Ọrẹ̀". Ẹni méjì péré ló mọ̀ pé ogun gidi ni. Láti ibẹ̀ a yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa.

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú ni a ti bá màmá kan nídìí púpurú. Mo ti ń jẹ púpurú láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Wọn yóò bó ẹ̀gẹ́, wọn yóò rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọn yóò yọ okùn inú rẹ̀, wọn yóò rọ ọ́ sínú àpò, wọn yóò gbé nǹkan wúwo lé e kí omi lè jò kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fọwọ́ mọ ọ́n róbótó, wọn yóò tò ó sórí àjà lókè iná igi, èéfín yóò sì máa fẹ́ ẹ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọn yóò ha ẹ̀yìn dúdú náà kúrò, wọn yóò gún un, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò sì rò ó nínú omi gbígbóná. Òórùn iná a máa wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Láfún ní tirẹ̀ ń dúró de oòrùn kó tó gbẹ. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe púpurú ti wo òjò ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé bí òun bá dúró de oòrùn, ebi ni yóò pa òun. Ọgbọ́n nìyẹn, ó sì yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ Archimedes.

Ọmọbìnrin kan nínú wa kúnlẹ̀ ti màmá náà. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé èéfín yìí kì í pa yín lójú ni?" Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, èéfín yìí ló rán àwọn ọmọ mi márààrún nílé ìwé. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá kọ́ ọ."

N kò gbọ́ ohun tí wọ́n tún sọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí irú màmá bẹ́ẹ̀ bá lọ, kì í ṣe púpurú ni yóò tán, nítorí ẹ̀rọ yóò máa ṣe é. Ohun tí yóò bá a lọ ni bó ṣe ń fi ìka kan ṣoṣo mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ti kan tó, àti irú igi tó ń yàn fún èéfín. A san owó fún àkókò rẹ̀ bí ẹni sanwó ìwọlé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó rò pé àánú ni. Ó tó ìgbà tí a ṣàlàyé pé owó iṣẹ́ ni kó tó gbà á.

Ọbẹ̀ marúgbó ni wọ́n fi gbé púpurú náà kalẹ̀ fún wa lálẹ́, dúdú, tó ń ta sánsán, irú èyí tí wọ́n máa ń sè fún abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìgbọ́kọ̀dá ni ẹja ti wá. Ẹnì kan nínú wa tó mọ̀wé dáadáa wá ní ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé àwọn Potogí ló gbé e wá láti Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Tòmátò tó wà nínú sàláàdì Gíríìkì, ṣebí Amẹ́ríkà kan náà ló ti wá? Kò sì sí ẹni tó ń sọ fún wọn nítorí ìyẹn pé sàláàdì wọn kì í ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbé dìde. Wọ́n á ní àwọn kò lè mú ọmọ àwọn lọ síbi ojúbọ Ayélála. Ìtàn rẹ̀ tí mo gbọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Awolalu náà sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ àti ìrúbọ Yorùbá lọ́dún 1979, ni pé ọ̀rọ̀ ìyàwó oníyàwó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti Ìjọ́. Ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi parí ìjà náà. Òun ni wọ́n pa dípò ọkùnrin tó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n fi ń pè é títí di òní, òun náà ló sì wá di ẹni tí olè àti onírọ́ ń bẹ̀rù jù ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí kò ronú lórí ohun tí a fi ń pe nǹkan ní ìdájọ́, ọkàn rẹ̀ le. Àwọn tó ń lọ sí Áténì láti tẹ̀lé ipasẹ̀ Pọ́ọ̀lù mọ ohun tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 jù mí lọ: Pọ́ọ̀lù rìn yí ìlú náà ká, ó wo àwọn ohun tí wọ́n ń bọ, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ kan, kó tó la ẹnu rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn Gíríìkì òde òní jù lọ. Wọn kò bọ Áténà mọ́, wọn kò sì wó ilé rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà o, n kò sì ní fi í pamọ́. Áténà kò ní abọrẹ̀ mọ́, Ayélála ní. Ibi tí ènìyàn ti ń búra, tó ń wárìrì, kì í ṣe ibi ìyàwòrán fóònù. Ẹgbẹ́ tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ má wọlé, ẹ má wọlé. Láti ọdún 2023 ni ìjọba Gíríìsì pàápàá ti fi iye èrò tó lè gun Akropólì mọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lójúmọ́. Bí òkúta bá lè rẹ̀ nítorí àlejò, mélòó mélòó ni abúlé.

Ibi tí àwọn Gíríìkì ti jù wá lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ orúkọ oúnjẹ. Wàrà wọn tó ń jẹ́ feta, òfin Yúróòpù ti sọ láti ọdún 2002 pé ibi mìíràn kò gbọdọ̀ ṣe wàrà kó pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáàbò bo ouzo, ọtí líle wọn, bákan náà. Kì í ṣe ìgbéraga lásán nìyẹn: orúkọ tí òfin ń ṣọ́ máa ń ní ìlànà ìṣe nínú, èyí tí ẹni tó ń mu ún lè gbára lé. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ènìyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol tó wà nínú ògógóró ni. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tó bá a lọ. Ìrántí wọn ni kò jẹ́ kí n gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pariwo pé kí a kàn máa polówó oúnjẹ ìbílẹ̀ wa. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń pọn ọtí jókòó, kí wọ́n jọ fìdí ìlànà múlẹ̀, kí àyẹ̀wò wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó fi orúkọ Ìkálẹ̀ sára ìgò.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Bítúmẹ́nì, ohun tí gbogbo ayé fi ń da ọ̀dà sójú títì, wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí lọ súà, kòtò sì ni bọ́ọ̀sì wa ń yà fún. Ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, síbẹ̀ ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù ajínigbé náà ń bẹ. Ojúmọmọ nìkan ni a rìn, a sì ti sọ fún àwọn tí a ń lọ bá. N kò lè tan ẹnikẹ́ni pé ọ̀nà náà dà bí ti Áténì sí Délfì.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn lọ sìnkú kò pọ̀ níye. Ọ̀nà tí a lè rìn lọ sínú òkú, ó yẹ ká lè rìn ín lọ bá alààyè.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí Gíríìsì ní oṣù Kẹsàn-án, mo sì ti ní kó bá mi ra òróró ólífì bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé kí n bá òun wá bọ́ọ̀sì fún ìsinmi Àjíǹde. Òun, ìyàwó òun, àwọn ọmọ, àti ọ̀rẹ́ ọmọ méjì. Ó ní kí n kọ́kọ́ tẹ àwọn ará ilé láago, kí n tètè là á yé wọn pé kò sẹ́ni tó kú.