Oòrùn ò Yọ, Ìyá ò Sọ̀rọ̀

Láti oṣù Agẹmọ wọ oṣù Ògún, ìkùukùu ló ń bo Àkúrẹ́ àti Oǹdó, oòrùn lè má yọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà á kàn dákẹ́ sí yàrá, oúnjẹ ò wù ú, oorun ṣáá. Àwọn kan á ti ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ ṣe sùúrù ná!

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó wọ ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tó bá dín kù, oorun lè dàrú, kí inú sì bàjẹ́. Àwọn èèyàn wa ní London mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà òtútù.

Tí ẹ bá ti kí Òrìṣà tán láàárọ̀, ẹ gbé àga ìyá sí àgbàlá. Ìmọ́lẹ̀ ìta, bí ìkùukùu tilẹ̀ bò ó, ju iná NEPA lọ dáadáa. Ẹ dá Ifá o, n ò ní kí ẹ má dá a. Ṣùgbọ́n tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò yí padà, ẹ gbé ìyá lọ sí ọsibítù.