Ọmọ Yín Ńkọ́, Ẹ Ti Wọ̀ Ọ́ Lẹ́wù?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, àwa tá à ń gbélẹ̀ gbígbẹ, wàhálà mọ́tò la mọ̀. Ìdí nìyẹn tórí àwọn ọmọ wa fi máa ń wú bí wọ́n bá rí omi ní Àgbádárìgì.

Ó dáa kí wọ́n débẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 wà níbẹ̀. Wọn á wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹ̀fú, wọn á fẹsẹ̀ rìn détí òkun tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bàbá á wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ìyá á wọ̀, wọn á gbọ́mọ ọdún mẹ́ta lé ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní ọ̀nà ò jìn. Ṣómi mọ ìyẹn ni? LASWA tíjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 ti ní dandan ni kí gbogbo èrò wọ̀ ọ́. Tàgbàlagbà ò sì ṣeé wọ̀ fọ́mọdé, á bọ́ lọ́rùn ẹ̀ ni.

Ẹ béèrè tọmọdé kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sà ò ní sá lọ, ẹ ṣì máa bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.