Mọ́tò tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀

Ìyá kan nílé-Ifẹ̀ ló bi wá léèrè. Ọkọ rẹ̀ ra tòkunbọ̀, ó ní mọ́tò náà máa ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, ló bá ń dáhùn fóònù lórí eré, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn.

Màmá, ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ wọn.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wà. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, rédà lè wà níwájú ọkọ̀. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà tí awakọ̀ kò fura, mọ́tò á ké, lẹ́yìn náà á tẹ bíréèkì. (Kì í ṣe ABS o. ABS kì í tẹ bíréèkì fún èèyàn, kí táyà má baà há niṣẹ́ tiẹ̀.) Ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tuntun láti July 2024.

Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń dán an wò? Wọn kò jẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe é. Wọ́n máa ń gbé bèbí ńlá sójú ọ̀nà, wọ́n sì máa ń ya títì, mọ́tò àti ọmọ tó já lu títì sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rọ òjò sí i, wọ́n á sọ ọ́ di òru, wọ́n á fi kún eré, wọ́n á tún un ṣe lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹnikẹ́ni ò sì ní farapa. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò bá yà síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè dán an wò. Ní 2017, Volvo sọ ní Australia pé ẹ̀rọ tí àwọn fi ń dá ẹranko mọ̀, tí wọ́n ti dán wò ní Sweden, kò mọ ti kangaroo ṣe. Bó bá fò sókè, ẹ̀rọ á rò pé ó jìnnà. Bó bá balẹ̀, á ní ó ti dé tòsí.

Ewúrẹ́ tiwa wá ńkọ́? Ọ̀kadà tí kò tan iná ní Mayfair lálẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn tó pa àwọn èèyàn Yunifásítì Ifẹ̀ títí tí Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀, fi dìde, tí ìjọba Ọ̀yọ́ ìgbà náà fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, ta ló yà á sínú kọ̀ǹpútà?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni gíláàsì iwájú. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ojú kámẹ́rà lè yẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò tún un tò. Bọ́ńpà tí wọ́n nà náà ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó ta mọ́tò bóyá ó ti ní jàǹbá rí. Bí iná ẹ̀rọ náà bá ń tàn ní dáṣíbọọ̀dù, tí mẹkáníìkì ní kẹ́ ẹ má dá a lóhùn, ẹ wá mẹkáníìkì mìíràn.

Kí wọ́n sì wo táyà kó tó di Sátidé. Kọ̀ǹpútà lè tẹ bíréèkì, kò lè mú kí táyà tó ti fá di ilẹ̀ mú nínú òjò.