Ìka Ò Dọ́gba

Ọmọ àbúrò mi kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ìyá òyìnbó tó gbà á lálejò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ yin ìyá náà pé ó ṣì pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló bá kọ "skinny". Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ "slim". Ó ní, "Màmá, ọ̀kan náà mà ni wọ́n." Mo bi í pé tí mo bá sọ fún un pé ó rù, ṣé á dúpẹ́? Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò fèsì.

Ìka ò dọ́gba. Ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà la sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ kan ló so márààrún pọ̀, síbẹ̀ àtàǹpàkò la fi ń tẹ̀ka, kì í ṣe ọmọńdinrín.

Ìka Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nítorí pé àlejò pọ̀ nílé rẹ̀. Lọ́dún 1066 ni àwọn ará Normandy ṣẹ́gun England, tí wọ́n mú Faransé wọlé. Látìnì ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé bọ̀ ní tiẹ̀. "Ask" ni ọmọ onílé, "question" bá Faransé dé, Látìnì ló ni "interrogate". Ẹni tó ṣìnà a máa bèèrè. Afurasí ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Etí Yorùbá wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́.

Ibi tó ti le ni kóòtù. Lábẹ́ òfin olè jíjà ti England àti Wales, ti ọdún 1968, "theft" kò lè gbà ju ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lọ, "robbery" sì lè di ẹ̀wọ̀n gbére, torí ó ní ipá tàbí ìdẹ́rùbà nínú. Kí ògbufọ̀ má pe olè ní adigunjalè níbẹ̀ o! Ayé ọmọ ọlọ́mọ ni.

Dókítà Peter Mark Roget tẹ ìwé Thesaurus rẹ̀ jáde lọ́dún 1852. Ó kó ọ̀rọ̀ tó tan mọ́ra jọ, kò sọ ìtumọ̀ wọn. Mo fẹ́ràn ìwé náà, àmọ́ odindi ọwọ́ ló ń nà síni. Ìka tó yẹ, olúwarẹ̀ ni yóò mú un.

Ibì kan wà tí etí Yorùbá kò ti lè gbà wá. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ọmọ àbúrò mi tún dúpẹ́ fún ẹ̀wù òtútù tí ìyá náà "borrow" fún un. "Yá" kan náà la máa ń lò fún ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà. Mo na bírò mi sí i: "lend" nìyí. Ó gbà á. Mo ní, "Borrow" nìyẹn. Ó fi bírò náà tún un kọ.