Àpòpọ̀ Ni Ká Máa Bẹ̀rù

Bí àjọ NDLEA bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù oògùn olóró, orúkọ ni ìròyìn máa ń kà sí wa létí: tramadol páálí báyìí, kodíìnì ìgò báyìí, Rohypnol, igbó. Òfin wa náà, orúkọ ló ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù ìwádìí jáde lórí oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì nínú, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú. Ìgbésẹ̀ náà dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ènìyàn kò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí. Ohun tó mọ̀ ni ibi tí oògùn bà lé lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti ohun mìíràn tó bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ oògùn kọ̀ọ̀kan ni ìkìlọ̀ wa ń dá lé lórí, bẹ́ẹ̀ àpòpọ̀ ló ń yára mú ẹ̀mí lọ, ọtí sì wà nínú àpòpọ̀ ọ̀hún.

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ GABA. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ara àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rọlẹ̀. Bó bá ti dì mọ́ ibi ìgbàṣẹ tirẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rẹsẹ́pítọ̀, ihò tín-ín-rín kan á ṣí, kúlóráìdì (ọ̀kan nínú èròjà méjì tó di iyọ̀ ọbẹ̀) á wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà á sì dákẹ́. Láìsí ìdákẹ́ yìí, gìrì ni ì bá máa gbé wa. Rẹsẹ́pítọ̀ yìí kan náà ni àwọn oògùn oorun bíi Valium, Lexotan àti Rohypnol ń lọ bá. Wọn kì í gba ipò GABA lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dì mọ́, bí GABA bá sì dé, ihò náà á máa ṣí léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún 1963 ni Valium ti wà lórí àtẹ, àmọ́ ó di 1977 kí àwọn onímọ̀ ní Denmark àti Switzerland tó rí ibi tó ń dì mọ́ nínú ọpọlọ. Oògùn oorun tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn barbiturate, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá ti pọ̀ lára, ó lè ṣí ihò náà fúnra rẹ̀, kò ní dúró de GABA rárá. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n tó ré kọjá díẹ̀ fi ń pani, tí àwọn dókítà sì fi sá fún un. Ní ti Valium, ó ṣòro kí òun nìkan pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Inú òtítọ́ yìí gan-an ni ewu sá sí, nítorí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oògùn pẹ̀lẹ́ ni.

Ọtí náà ń ran GABA lọ́wọ́. Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lórí èyí wà nílé ìwòsàn. Ọ̀mùtí paraku tó ṣíwọ́ ọtí lójijì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí gìrì fẹ́ gbé e, Valium tàbí ẹbí rẹ̀ ni dókítà máa ń fún un. Èyí ò ní ṣeé ṣe ká ní iṣẹ́ wọn ò jọra nínú ọpọlọ. Ẹni tó fi ife paraga méjì gbé Lexotan mì ti sọ ẹrù di ìlọ́po lórí rẹsẹ́pítọ̀ kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tirẹ̀, oògùn kan péré ló lò. A kì í ka ọtí. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ ìṣirò NBS jọ ṣe sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn láìsí ìdí ìwòsàn láàárín ọdún kan, ó sì ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ wa níbí, ló ga jù pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú 100. Ọtí àti tábà kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Kodíìnì àti tramadol kì í ṣe ẹbí Valium. Rẹsẹ́pítọ̀ mìíràn ni wọ́n ń bá lò, èyí tí ara fi ń pa ìrora. Àmọ́ rẹsẹ́pítọ̀ náà pọ̀ ní ìdí ọpọlọ, níbi tí àṣẹ mímí ti ń jáde. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Níbí, èémí ni ọjà tí gbogbo wọn ń wọ̀. Bí ènìyàn bá ń sùn, tí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìdí ọpọlọ ló ń pàṣẹ pé kó mí sí i. Kodíìnì ń di etí rẹ̀ sí ìkìlọ̀ yẹn. Ọtí àti Rohypnol ń mú kí oorun wọra, iṣan ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ẹni náà kò sì ní ta jí. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣàì tó pani. Àpapọ̀ wọn tó. Ní 2016, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára irú oògùn ìrora báyìí àti ẹbí Valium, pé a kò gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀ láìnídìí. Ẹ wá wo omi gọ́tà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri òde àríyá: kodíìnì, tramadol, Rohypnol nínú ife kan ṣoṣo, ọtí sì ti wà nínú wọn kó tó dé.

Àwọn kan á ní ó ti pẹ́ tí àwọn ń mu ún, kò sì ṣe àwọn ní nǹkan. Òótọ́ ni pé oògùn máa ń mọ́ ara lára, ṣùgbọ́n kì í mọ́ ọn lára bákan náà níbi gbogbo. Adùn rẹ̀ ló ń yára dín kù, ẹni tó ń lò ó á sì máa fi kún un kó lè rí i bíi ti àná. Kì í tètè mọ́ ibi tí ń pàṣẹ èémí lára tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń fi kún un, àlàfo tó wà láàárín ìgbádùn àti ikú ń tín-ín-rín sí i. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí dókítà tó ń po irú oògùn méjèèjì pọ̀ níbi iṣẹ́ abẹ. Ó ń pò ó lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kan wà nítòsí tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa ṣọ́ èémí aláìsàn, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti ẹnájì dìríǹkì tí wọ́n ní ó ń lé ọtí, rẹsẹ́pítọ̀ ọ̀tọ̀ ni kaféènì inú rẹ̀ ń dí: ó ń fi oorun pamọ́ fún ọ̀mùtí, kò yọ ọtí kúrò lára rẹ̀. Wàrà àti epo pupa tí wọ́n ń rọ sẹ́nu ẹni tó dákú kò sì mọ ọ̀nà ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n lè gbà lọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn òbí àti olùkọ́ tó ń bẹ̀rù pé bí a bá ṣàlàyé bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, a ti kọ́ ọmọ ní ìlò rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ẹ̀rù yẹn, n kò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń po omi gọ́tà ti mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó, àwọn ọ̀rẹ́ ti kọ́ ọ. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé ìhanrun ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sùn sórí àga lè jẹ́ àmì pé ọ̀nà ọ̀fun ń dí, pé ó yẹ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó sì wá ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. “Oògùn olóró kò dára” kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Bí kẹ́míìsì bá fẹ́ ta Lexotan tàbí tramadol, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ “Kí lẹ tún mu lónìí?” kí ó sì dárúkọ ọtí, paraga àti agbo ọlọ́tí ní kíkún, nítorí ọ̀pọ̀ kì í ka wọn sí oògùn. Bákan náà ló yẹ kí ẹni tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn sọ gbogbo ohun tí aláìsàn náà mu láìfi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Abẹ́rẹ́ naloxone máa ń lé kodíìnì àti irú rẹ̀ kúrò lórí rẹsẹ́pítọ̀, kò sì lè fọwọ́ kan ọtí tàbí Rohypnol. Agbára rẹ̀ sì lè tán láàárín ọgbọ̀n sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, nígbà tí oògùn tó lé kúrò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lajú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà kò tíì yẹ kó lọ sílé ní òru ọjọ́ yẹn.